Kí Ló Dé Tí Eré Tí Kò Lófin Fi Tètè Ń Sú Àwọn Ọmọ?

Òǹkàwé kan kọ̀wé pé: "Ọmọ mẹ́jọ ni mo máa ń bójú tó ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, èyí tí ó dàgbà jù sì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Orí òfin eré ni ìjà wọn máa ń dá lé: ta ni ó ṣòjóró, ta ni ó yẹ kí ó jáde. Ó sú mi, mo sì pinnu lọ́sẹ̀ tí ó kọjá pé kò sí òfin mọ́. Mo kó bọ́ọ̀lù, okùn, páálí àti ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ fún wọn, mo ní kí oníkálukú ṣe bí ó bá ṣe wù ú. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí àwọn méjì fi wá bá mi pé kò sí ohun tí àwọn fẹ́ ṣe, tí àwọn yòókù sì ń fi páálí lu ara wọn. Èmi rò pé òmìnira ni adùn eré. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?"

Èrò tí ẹ ní kò burú, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ó sì ní i. A máa ń wo òfin eré bí ọgbà tí a ṣe yí ilé ká, tí a lè wó lulẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òpó ilé gan-an ni. Nígbà tí ẹ mú gbogbo òfin kúrò, eré fúnra rẹ̀ ni ẹ mú kúrò, ohun tí ó sì kù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ náà ni bọ́ọ̀lù, okùn àti páálí. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀, kí n sì tún sọ ibi tí òfin ti máa ń ba eré jẹ́, nítorí pé ó máa ń bà á jẹ́ nígbà mìíràn lóòótọ́.

Ẹ wo gọ́ọ̀fù. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tí ẹni tí ń gbá a ń wá ni pé kí bọ́ọ̀lù kékeré náà wọ inú ihò, ohun tí ó rọrùn jù ni pé kí ó mú un lọ́wọ́, kí ó rìn dé ẹnu ihò, kí ó sì sọ ọ́ sínú rẹ̀. Ọ̀nà yẹn yá, kì í sì í tàsé. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ṣe é bẹ́ẹ̀ tí inú rẹ̀ yóò dùn padà sílé. Ó fara mọ́ ọn pé ọ̀pá gígùn ni òun yóò fi gbá a, láti ọ̀nà jíjìn, kọjá iyanrìn àti omi, nítorí pé láìsí wàhálà yẹn, bọ́ọ̀lù tí ó wọ inú ihò kò já mọ́ nǹkan kan. Bernard Suits, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò tí ó kọ́ni ní yunifásítì ní Kánádà, lo àpẹẹrẹ yìí nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1978 láti ṣàlàyé ohun tí eré jẹ́. Ohun tí ó wí ni pé ẹni tí ń ṣeré fínúfíndọ̀ fara mọ́ ìdíwọ́ tí kò pọn dandan, ó sì ń sapá láti borí rẹ̀. Èmi kò tíì rí àlàyé mìíràn tí ó ṣe ṣókí bẹ́ẹ̀ tí ó sì gba eré púpọ̀ mọ́ra. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà "fínúfíndọ̀" sọ́kàn, nítorí pé a óò padà sí i nígbà tí a bá dé orí ìjà àwọn ọmọ yín.

Ẹ lè ní àgbàlagbà ni ó ń gbá gọ́ọ̀fù, pé ti ọmọdé yàtọ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Lev Vygotsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí ó ṣe ìwádìí nípa bí ọkàn ọmọdé ṣe ń dàgbà, ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lórí eré ọmọdé ní ọdún 1933, ní ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀. Ó mẹ́nu ba ọmọbìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ọ̀kan ọmọ ọdún márùn-ún, èkejì ọmọ ọdún méje, tí wọ́n ní kí àwọn ṣe eré tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sì ni wọ́n tẹ́lẹ̀! Ṣùgbọ́n ní ojoojúmọ́, wọn kì í ronú nípa rẹ̀. Nígbà tí ó di eré, wọ́n wọ aṣọ kan náà, ẹ̀gbọ́n di àbúrò lọ́wọ́ mú, ó sì ń sọ fún un nípa nǹkan àwọn ẹlòmíràn pé tiwọn nìyẹn, kì í ṣe tiwa. Òfin bí ó ti yẹ kí ọmọ ìyá máa ṣe síra wọn ni wọ́n ń tẹ̀ lé, kò sì sí àgbàlagbà tí ó ka òfin náà sí wọn létí. Vygotsky tún ronú lórí ọmọ tí ó wà lójú ìlà eré ìje, tí gbogbo ara ń wù ú kí ó ti máa sáré lọ, ṣùgbọ́n tí ó ń dúró de àmì. Ìdí tí ó fi dúró, gẹ́gẹ́ bí Vygotsky ṣe rí i, ni pé adùn tí ń bẹ nínú pípa òfin eré náà mọ́ ju adùn tí ń bẹ nínú ṣíṣe ohun tí ara fẹ́ lójú ẹsẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ti rí ojú ọmọ tí ó fara pamọ́ níbi eré bojúbojú, tí ó fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa bọ́, mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń sọ.

Mo jókòó sí igun yàrá kan nígbà kan, mo ń wo ọmọ mẹ́ta tí òjò kò jẹ́ kí wọ́n jáde. Ó ti tó ìdajì wákàtí tí wọ́n ti ń ráhùn pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe. Lójijì, èyí tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje fò sórí àga, ó sì pariwo pé, "Ilẹ̀ ti di iná o!" Kò sí ohun tuntun kankan tí ó wọ inú yàrá náà, ṣùgbọ́n láti ìṣẹ́jú yẹn, àlàfo tí ó wà láàárín àga àti ibùsùn, tí wọ́n ti ń gbà kọjá láti àárọ̀ láìkà á sí, di ọ̀gbun. Wọ́n ń fojú wọn ọ̀nà, wọ́n ń ju tìmùtìmù síwájú bí ẹni tí ń ju òkúta sínú odò láti fi ṣe afárá. Nígbà tí ó ṣe, ẹsẹ̀ àbúrò wọn kan ilẹ̀. Wọ́n ní ó ti jóná. Ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní ìbọ̀sẹ̀ òun ni ó kan ilẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ kì í sì í jóná. Wọ́n dá eré dúró, wọ́n rojọ́ bí àwọn àgbà ìgbìmọ̀, wọ́n sì fẹnu kò sí i pé ìbọ̀sẹ̀ lè gba èèyàn là lẹ́ẹ̀mẹta, pé ní ìgbà kẹrin yóò jóná. Eré bá tún bẹ̀rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni ó sọ yàrá lásán di ibi ewu. Òfin kejì ni kò jẹ́ kí ẹni tí ó kéré jù lọ tètè jáde.

Iṣẹ́ mìíràn tí òfin ń ṣe ni pé ó ń dín ohun tí a lè ṣe kù títí ọkàn yóò fi rí ibi tí yóò dì mú. Ẹ fún ọmọ ní bébà, kí ẹ ní kí ó ya ohunkóhun tí ó bá wù ú, ó ṣeé ṣe kí ó máa wo bébà náà títí. Ẹ ní kí ó ya ilé fún ẹranko tí ọrùn rẹ̀ gùn tí kò sì lè bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu rẹ̀: báwo ni ilẹ̀kùn yóò ṣe ga tó, báwo ni ẹranko náà yóò ṣe sùn, ibo ni fèrèsé yóò wà? Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣẹ́ẹ̀sì, ayò orí pátákó tí ẹni méjì ń ta láti mú ọba ara wọn. Ojú àpótí 64 ni ó wà lórí pátákó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ ta ní ohun 20 péré tí ó lè ṣe. Bí gbogbo ọmọ orí pátákó bá lè lọ síbi tí ó wù wọ́n, ẹni tí ó kọ́kọ́ ta yóò gbé ọba ẹnìkejì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Nítorí pé ẹṣin gbọ́dọ̀ yà kọ́rọ́, tí ọba kì í sì í sábà rìn ju ẹsẹ̀ kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà ni àwọn ènìyàn fi ń lo ọjọ́ ayé wọn lórí pátákó yẹn láìmọ̀ ọ́n tán.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù, nítorí pé ó jọ ti yín. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, ní ìlú Springfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, wọ́n fa kíláàsì kan lé olùkọ́ kan tí ń jẹ́ James Naismith lọ́wọ́. Ọkùnrin 18 ni ó wà nínú rẹ̀, òtútù kò jẹ́ kí wọ́n jáde, eré ìdárayá inú ilé ti sú wọn, wọ́n sì ti di oníwàhálà. Naismith kọ́kọ́ gbìyànjú láti gbé àwọn eré ìta wọ inú gbọ̀ngàn, kò bọ́ sí i, nítorí pé wọ́n ń ṣe ara wọn léṣe. Ó wá jókòó, ó bi ara rẹ̀ pé kí ni ó ń fa ipá inú àwọn eré náà. Ó rí i pé bí ẹni tí ó gbé bọ́ọ̀lù bá ti lè sáré, àfi kí àwọn yòókù gbé e ṣubú kí wọ́n tó lè dá a dúró. Bí kò bá lè gbé bọ́ọ̀lù sáré ńkọ́? Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi gbé e ṣubú mọ́. Ó tún rò ó pé bí ilé góòlù bá wà nílẹ̀, wọn yóò máa fi gbogbo agbára ju bọ́ọ̀lù sí i. Ó bá gbé e lọ sókè, ó kan apẹ̀rẹ̀ èso méjì mọ́ ibi tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, kí ó lè jẹ́ pé ẹni tí ó bá ju bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ ni yóò jẹ. Òfin 13 ni ó kọ sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba nǹkan lọ́wọ́ agbábọ́ọ̀lù ni: má sáré pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, má fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú, má ti ẹnìkejì rẹ.

Nínú òfin 13 yẹn, kò sí ibì kan tí ó ti sọ̀rọ̀ nípa kí agbábọ́ọ̀lù máa lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ kí ó sì máa bá a lọ. Àwọn tí ń gbá a ni wọ́n dá ọgbọ́n yẹn, nítorí pé òfin kò jẹ́ kí wọ́n gbé e sáré. Ohun tí ó ń wu àwọn ènìyàn jù lónìí nínú eré náà ti inú ìdíwọ́ jáde wá, bí omi tí òkúta dí lọ́nà tí ó wá ibòmíràn gbà.

Ìtàn náà ní apá kejì. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 1950, ẹgbẹ́ Fort Wayne Pistons mọ̀ pé agbára àwọn kò tó ti Minneapolis Lakers, wọ́n sì pinnu pé bí bọ́ọ̀lù bá ti wà lọ́wọ́ àwọn, àwọn kò ní jù ú; wọn yóò kàn dì í mú. Kò sí òfin tí ó ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Eré náà parí sí 19 sí 18, Fort Wayne sì jẹ. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo àwọn òǹwòran. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, gbé òfin kan kalẹ̀ pé ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jù ú sí apẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 24. Danny Biasone, tí ó ni ẹgbẹ́ Syracuse, ni ó dúró lórí rẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò le: eré gba ìṣẹ́jú 48, èyí tí ó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 2,880, níbi eré tí ó dùn, ẹgbẹ́ méjèèjì máa ń ju bọ́ọ̀lù ní nǹkan bí ìgbà 120, pín àkọ́kọ́ sí ọ̀nà 120, ó di 24. Ní sáà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, àmì ayò tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń jẹ lójú eré kan gòkè láti nǹkan bí 79 sí 93. Òmìnira láti di bọ́ọ̀lù mú ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn, eré sì tú yáyá. Bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá náà ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1992, nígbà tí wọ́n ní aṣọ́lé kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù tí agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ rẹ̀ bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹsẹ̀ gbá sí i. Kí òfin yẹn tó dé, ẹgbẹ́ tí ó bá ti ń jẹ lè máa fi bọ́ọ̀lù ṣeré "gbà á, mo gbà á" pẹ̀lú aṣọ́lé rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Kì í wá ṣe gbogbo òfin ni ó ń mú eré dùn. Mo ti rí ibi tí òfin pọ̀ tí àwọn ọmọ kò fi rántí ohun tí wọ́n ń ṣe mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni òfin tí ó jẹ́ kí a ti mọ ìparí eré kí ó tó bẹ̀rẹ̀ kò wúlò. Ẹ mọ eré alápótí mẹ́sàn-án tí ẹnì kan ń kọ X tí ẹnìkejì ń kọ O. Ọmọ ọdún mẹ́fà yóò gbádùn rẹ̀ gan-an. Nígbà tí ó bá ti rí àṣírí rẹ̀, pé ọ̀mì ni yóò máa jẹ́ bí ẹni méjèèjì bá mọ̀ ọ́n ta, yóò pa á tì, kò sì ní padà sí i. Eré kò ní àléébù. Ọmọ ni ó ti dàgbà kọjá rẹ̀. Nínú àwọn ọmọ mẹ́jọ tí ọdún márùn-ún ya èyí tí ó kéré jù àti èyí tí ó dàgbà jù sọ́tọ̀, òfin kan náà lè jẹ́ ọ̀mì fún ẹnì kan, kí ó jẹ́ òkè tí kò ṣeé gùn fún ẹlòmíràn. Àwọn tí ń ta Go, ayò àtayébáyé ti Ìlà-Oòrùn Éṣíà, ti wá nǹkan ṣe sí èyí: wọn a jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta tó kọ́kọ́ to ọmọ ayò mélòó kan sójú pátákó, tí ó lè tó mẹ́sàn-án, kí ọ̀gá tó ta ẹyọ kan. Ẹnikẹ́ni kì í bínú sí i. Ọ̀gá kò fẹ́ ìjàkadì tí kò ní lààgùn nínú rẹ̀.

Òfin kan tún wà tí a máa ń pè ní òfin eré tí kì í sì í ṣe òfin eré rárá: ẹ má pariwo, ẹ má sáré, ẹ má fọwọ́ kan ògiri. Àgbàlagbà ni àwọn wọ̀nyí wà fún. Ó lè pọn dandan kí a ní wọn, ṣùgbọ́n wọn kò fi adùn kankan kún eré, kò sì yẹ kí a retí pé kí ọmọ fẹ́ràn wọn. Bí ó bá jẹ́ irú èyí ni ẹ mú kúrò lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, ara ì bá ti tu àwọn ọmọ náà lóòótọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìjà. Jean Piaget, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí òun náà ṣe ìwádìí nípa bí ọmọdé ṣe ń ronú, gbé ìwé kan jáde ní ọdún 1932 lẹ́yìn tí ó ti bá àwọn ọmọdé jókòó níbi eré òkúta róbótó, tí ó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, tí ó sì ní kí wọ́n kọ́ òun. Ó rí i pé àwọn kékeré gbà pé òfin eré ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, pé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni ó ti wá, ẹnikẹ́ni kò sì lè yí i padà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ta á, oníkálukú ń ṣe tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá sí méjìlá ní tiwọn gbà pé àdéhùn ni òfin, pé bí gbogbo wa bá ti fínúfíndọ̀ fọwọ́ sí i a lè yí i padà, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n ń pa á mọ́ jù. Àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì yìí ni ẹ kó pọ̀ sójú kan. Nígbà tí ọmọ ọdún mọ́kànlá bá ní "ẹ jẹ́ kí a yí i díẹ̀," ọmọ ọdún mẹ́fà gbọ́ pé ó fẹ́ ba ayé jẹ́. Òjóró kọ́ ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Wọn kò tíì fẹnu kò lórí ohun tí òfin jẹ́ ni.

Àti pé ìjà lórí òfin sàn ju kí òfin má sí lọ. Johan Huizinga, òpìtàn ọmọ ilẹ̀ Netherlands, sọ ní ọdún 1938 pé àwọn tí ń ṣeré máa ń fojú fo aṣòjóró ju ẹni tí ó tú eré ká lọ. Aṣòjóró ṣì ń ṣe bí ẹni tí ó gba òfin gbọ́. Ó fẹ́ jẹ ayò náà, ó gbà pé ayò wà. Ẹni tí ó tú eré ká ni ó dìde tí ó ní "ilẹ̀ lásán ni, kì í ṣe iná." Ẹ dárí jì mí bí ó bá dun yín, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ tí ó kọjá sún mọ́ èyí. Àwọn ọmọ ń rojọ́ ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́, ẹ sì wọlé, ẹ ní kò sí iná.

Mo gbà pé eré kan wà tí kò fẹ́ òfin àkọsílẹ̀, irú èyí tí ọmọ ń ṣe nígbà tí ó bá ń yí gbirigbiri lórí koríko tàbí tí ó ń da omi láti ife kan sí òmíràn. Kí ẹ má dí irú rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹjú mọ́ ọmọ tí ń fi iyanrìn mọ ilé, ẹ óò rí i pé iyanrìn fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣòfin fún un: èyí tí ó gbẹ yóò ya, èyí tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ yóò ṣàn, ó sì gbọ́dọ̀ wá èyí tí ó wà láàárín.

Ní Sátidé tí ń bọ̀, ẹ gbé páálí kan sílẹ̀, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tí ó jìnnà sí i ní ìgbésẹ̀ márùn-ún, kí ẹ sì pín wọn sí ọ̀nà méjì, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, kí àgbà àti kékeré dàpọ̀. Òfin mẹ́ta péré ni kí ẹ fún wọn: bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ó tó wọ inú páálí, ẹni tí ó bá mú bọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ rìn, ẹni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ kàn án kí ẹnikẹ́ni tó jù ú. Òfin kẹta ni yóò dáàbò bo ọmọ ọdún mẹ́fà, nítorí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè jẹ láìsí òun. Bí ó bá rọrùn jù fún àwọn ńlá, ẹ ní ọwọ́ òsì ni kí wọ́n máa fi jù ú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ dá wọn dúró, kí ẹ ní kí wọ́n yọ òfin kan tàbí kí wọ́n fi ọ̀kan kún un, kí wọ́n sì fẹnu kò sí i láàárín ara wọn. Bí ariyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má sáré dá sí i. Àwọn méjì tí wọ́n wá bá yín lọ́sẹ̀ tí ó kọjá pé kò sí ohun tí àwọn fẹ́ ṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ fún láǹfààní láti dá òfin tuntun sílẹ̀.